Ẹ́ńjìnì Ló Ń Wá Ṣáàfù: Bí Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré Ṣe Ń Rìn Láì Mu Omi

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ mi ti ń rì o!"

Ohùn àbúrò mi nìyẹn, létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọn ṣe ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì. Ọkọ̀ ojú omi kékeré tí èmi àti ẹ̀ fi plywood kàn fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti sáré dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, tíṣà rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àfi bá a ṣe gbọ́ ohùn kan tó ń han bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi irin ha irin. Èéfín tín-ín-rín yọ lábẹ́ ìdérí, ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín omi, ìdí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ká tó rí ẹni tó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé e, ó ti mu omi yó.

Nígbà tá a tú u palẹ̀ nílé, nǹkan mẹ́ta la rí. Ẹ́ńjìnì ti jó. Òrùka idẹ tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀ ti jẹ, ihò rẹ̀ ò rí roboto mọ́, ó ti gùn bí ẹyin. Omi sì kún inú ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìṣòro mẹ́ta nìyẹn, àṣé ẹyọ kan ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ lẹ ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ síbi tó wù mí, tí mo wá ń fipá tẹ ṣáàfù kó lè wá bá a. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan irú ọkọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ihò kan ṣoṣo lábẹ́ omi

Tẹ́ ẹ bá ti dé etí ọ̀sà l'Ékòó rí, ẹ ó ti rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń gbé ẹ́ńjìnì kọ́. Ìta ni ṣáàfù rẹ̀ gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, kò sẹ́ni tó lu ọkọ̀ nídìí. Bí ẹ́ńjìnì bá bàjẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e léjìká lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó kọ̀ǹténà ò rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kékeré tá à ń kàn yìí náà ò sì rí bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnì wà, ìta ni pùrópẹ́là wà, ohun tó so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ihò kan kọjá, abẹ́ omi sì ni ihò ọ̀hún wà. Ẹni tó bá máa mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò sídìí ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn ẹ̀yà tá a máa lò nìyí:

- Ẹ́ńjìnì oníbátìrì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní motor 540. Ọ̀pá kékeré tó yọ lẹ́nu rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3.2.
- Ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó mìlímítà 4.
- Túùbù idẹ tí ṣáàfù máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì ní òrùka idẹ tí wọ́n ń pè ní búṣì. Búṣì yìí nìkan ló ń fara kan ṣáàfù.
- Ìsopọ̀ tó máa so ọ̀pá ẹ́ńjìnì mọ́ ṣáàfù, tó ṣeé tẹ̀ díẹ̀.
- Pùrópẹ́là, tí a máa fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ẹnu ṣáàfù níta.

Omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀

Kí ló dé tí omi ò fi ní gba inú túùbù wọlé? Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ńṣe la gbọ́dọ̀ dí i pinpin. Rárá o. Bí búṣì bá fún mọ́ ṣáàfù jù, ṣáàfù ò ní lè yí. Ohun tó ń dá omi dúró gan-an ni bí ẹnu túùbù tó wà nínú ọkọ̀ ṣe ga tó.

Ẹ mú sítírọ́ọ̀ kan, kẹ́ ẹ tì í bọ inú ife omi. Omi máa wọ inú sítírọ́ọ̀, àmọ́ ibi tí omi inú ife dé náà ló máa dúró sí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu sítírọ́ọ̀ bá ti ga ju ojú omi lọ, ẹ̀kán kan ò ní dà jáde lókè. Bọ́rọ̀ túùbù ṣáàfù náà ṣe rí nìyẹn. Bí ẹnu rẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ bá ga ju ojú omi ìta lọ, omi á wọ inú túùbù, á gòkè dé ìwọ̀n kan, á sì dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé túùbù yín gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ sì dá a gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní dígírì 8. Ẹnu rẹ̀ tó wà nínú máa fi bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5 ga ju ẹnu ti ìta lọ. Bí ti ìta bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 3 lábẹ́ omi, ti inú ti fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà yọ lókè omi nìyẹn. Ó kéré, àmọ́ ó tó. Kẹ́ ẹ ṣáà rántí pé ìgbà tí bátìrì àti gbogbo ẹrù bá ti wà nínú ọkọ̀ la ń wọn ojú omi, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ ṣófo. Ẹ gbé ọkọ̀ tòun tẹrù sínú báàfù, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí omi dé, kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan.

Ìgbì àti ìyípo ṣáàfù ṣì lè gbé omi díẹ̀ gòkè nínú túùbù. Iṣẹ́ gírísì nìyẹn. Ní sẹ̀ǹtímítà 3 lábẹ́ omi, agbára tí omi fi ń ti nǹkan jẹ́ nǹkan bíi páskàlì 300, kò tó ìdá kan nínú 300 agbára tí afẹ́fẹ́ tó yí wa ká fi ń tẹ̀ wá. Gírísì tó kún inú túùbù lè dá irú agbára kékeré bẹ́ẹ̀ dúró, á sì tún jẹ́ kí ṣáàfù máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣé ká wá kúkú dá túùbù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an kí ọkàn wa lè balẹ̀? Ó níye o. Tó bá ti dagẹ̀rẹ̀ jù, apá kan agbára pùrópẹ́là á máa ti ìdí ọkọ̀ sókè dípò kó máa tì í síwájú. Ní dígírì 10, ohun tá a pàdánù ò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá fi máa di dígírì 20, ó ti di bí ìdá 6. Láàárín dígírì 5 sí 10 dára fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré.

Ṣáàfù lẹ kọ́kọ́ máa gbé sí

Ẹ fa ìlà kan sí àárín ìdí ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Orí ìlà yìí ni ihò máa wà. Ẹ fi dírílì lu ihò kékeré, kẹ́ ẹ wá fi fáìlì roboto fà á gùn díẹ̀díẹ̀ títí túùbù á fi lè dagẹ̀rẹ̀ kọjá nínú rẹ̀. Ẹ má kánjú. Ihò tó kéré ṣeé fẹ̀ sí i, èyí tó bá ti fẹ̀ jù, gọ́ọ̀mù lẹ máa fi dí i.

Kẹ́ ẹ tó po gọ́ọ̀mù, ẹ to gbogbo ẹ̀ wò ní gbígbẹ. Ẹ ki ṣáàfù bọ túùbù, ẹ de pùrópẹ́là mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i. Etí pùrópẹ́là ò gbọ́dọ̀ ha ìdí ọkọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kan ìtọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún pùrópẹ́là tó fẹ̀ tó mìlímítà 35, èmi máa ń fi àyè bíi mìlímítà 4 tàbí 5 sílẹ̀ láàárín etí rẹ̀ àti ara ọkọ̀. Tí àyè yẹn bá kéré jù, ariwo á pọ̀, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n.

Ẹ fi sáńpépà ha ara túùbù níbi tí gọ́ọ̀mù máa dé, torí gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ràn idẹ tó ń dán. Ẹ fi téépù dí ẹnu túùbù kí gọ́ọ̀mù má bàa wọ inú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù oníhà méjì bíi Araldite ni kẹ́ ẹ lò. Ohun tí wọ́n bá kọ sára páálí nípa bí wọ́n ṣe ń pò ó ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ibi tí túùbù ti yọ níta bá gùn, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan gbé e ró lábẹ́ kó má bàa máa mì.

Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì o. Ó mọ̀ọ́mọ̀ rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ́ńjìnì wá ń bọ̀ wá bá a

Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an la dé yìí. Ṣáàfù ti rí ibùjókòó rẹ̀, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnì ló gbọ́dọ̀ wá bá a lórí ìlà kan náà, kó má ga jù, kó má relẹ̀ jù, kó má yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ojú nìkan ò lè wọn èyí. Ọgbọ́n tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ń dá rọrùn. Wọ́n máa ń ya ìsopọ̀ tó ṣeé tẹ̀ sọ́tọ̀ ná. Wọ́n á wá ọ̀pá idẹ oníhò kan tó le, tó sì tọ́ gbọnrangandan, tí ihò rẹ̀ gba ọ̀pá ẹ́ńjìnì ní apá kan, tó sì gba ṣáàfù ní apá kejì láì mì. Èyí ni wọ́n á fi so méjèèjì pọ̀. Ní báyìí, ẹ́ńjìnì àti ṣáàfù ti di ọ̀pá kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnì á kàn wà lófuurufú, ṣáàfù ló gbé e dání, orí ìlà ló sì wà gẹ́lẹ́.

Ẹ wá ki àwọn ègé pákó sábẹ́ ẹ́ńjìnì títí wọ́n á fi kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kẹ́ ẹ lẹ pákó mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ má ti ẹ́ńjìnì, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Pákó ni kẹ́ ẹ gé kó bá a mu. Ara àwo irin tí ẹ máa tú lọ́jọ́ iwájú ni kẹ́ ẹ de ẹ́ńjìnì mọ́, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa fẹ́ yọ ọ́. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ti gan, ẹ fọwọ́ yí pùrópẹ́là. Tó bá ń yí wẹ́rẹ́ láì gán níbì kankan, ẹ yọ ọ̀pá idẹ yẹn, kẹ́ ẹ wá fi ìsopọ̀ tó ṣeé tẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, "Tí ìsopọ̀ bá ti ṣeé tẹ̀, kí la tún ń dara wa láàmú sí?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ìsopọ̀ oníkókó, irú èyí tó wà lábẹ́ tírélà, la tún máa ń dárúkọ mọ́ Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ó lè gbé ìyípo gba kọ́nà, àmọ́ ó ní àléébù kan. Bí ọ̀pá àkọ́kọ́ bá ń yí déédéé, ìkejì ò ní yí déédéé. Á máa yára, á máa falẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ dígírì 5 ni wọ́n fi yà síra, ìyàtọ̀ yẹn ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ dígírì 20, eré rẹ̀ á máa fi bí ìdá 6 gòkè, á sì máa fi bí ìdá 6 wálẹ̀.

Ẹ wá rò ó pé ẹ́ńjìnì kékeré yìí lè yí nígbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ju ìgbà 160 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ńṣe ni jàgídíjàgan yẹn á máa gbá búṣì lọ́gbàá tó lé ní 300 nígbà ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Búṣì á jẹ, ihò á fẹ̀, gírísì á jáde, omi á wọlé. Ìtàn ọkọ̀ àbúrò mi látòkè délẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ ńlá náà ń sunkún ẹ̀

Kì í ṣe ọkọ̀ ìṣeré nìkan ni èyí ń dà láàmú. Nígbà tí ọkọ̀ oníná ooru bẹ̀rẹ̀ sí í lo pùrópẹ́là ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, búṣì onírin wọn ń tètè jẹ, omi ń wọlé. Ní àwọn ọdún 1850, John Penn, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán igi kan tó le gan-an wò, èyí tí wọ́n ń pè ní lignum vitae, tó ń hù ní àgbègbè Caribbean. Igi yìí ní òróró nínú, omi òkun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe bí gírísì fún un. Ó borí irin, àwọn ọkọ̀ sì lò ó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ti HMS Prince of Wales ló tún burú jù. Ọkọ̀ ogun ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣáàfù mẹ́rin ló ní. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1941, àwọn ọkọ̀ òfúrufú ilẹ̀ Japan kọlù ú lójú òkun nítòsí Malaya, tó ti di Malaysia lónìí. Tọ́pídò kan bà á lẹ́yìn, nítòsí ibi tí ọ̀kan nínú àwọn ṣáàfù apá òsì ti jáde kúrò lára ọkọ̀. Ṣáàfù náà kúrò lórí ìlà, àmọ́ ó ṣì ń yí. Bó ṣe ń yí wọ́gọwọ̀gọ yẹn ló ń fa àwọn ohun tó ń dá omi dúró ya ní gbogbo ọ̀nà tó gbà kọjá, omi òkun sì ya wọ yàrá ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, iná mànàmáná kú ní apá tó pọ̀. Àwọn tọ́pídò mìíràn ṣì tún bà á lẹ́yìn náà, torí náà kì í ṣe ṣáàfù nìkan ló rì í. Àmọ́ ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yẹ̀, àwọn atukọ̀ tó kú níbẹ̀ sì lé ní 300.

Mítà kì í purọ́

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé tiyín wà lórí ìlà? Ẹ lo mítà tó ń wọn áńpíà. Ẹ kọ́kọ́ wọn iye áńpíà tí ẹ́ńjìnì ń gbà nígbà tí kò tíì so mọ́ nǹkan kan. Ẹ wá so ó mọ́ ṣáàfù láìsí pùrópẹ́là, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tiwa lẹ́ẹ̀kejì jẹ́ 1.3 nígbà tó dá wà, ó sì di 1.6 lẹ́yìn tá a so ó. Ìyẹn dáa. Tí iye náà bá fò sókè di ìlọ́po méjì, ẹ pa á kíá. Ẹ tú skúrù ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ sún un díẹ̀, kẹ́ ẹ tún dán an wò.

Ìdí ni pé ẹ́ńjìnì oníbátìrì, bó bá ṣe ń yí, òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe iná tó ń ta ko ti bátìrì. Bó bá ń yára, ìtakò yẹn á pọ̀, iná tó ń gbà á kéré. Bí nǹkan bá fà á sẹ́yìn, ìtakò á dínkù, iná á ya wọlé. Ìgbà tó bá dúró pátápátá tí iná ṣì wà lára rẹ̀ ló ń gbà jù. Bí áńpíà bá sì di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó ń rú èéfín nìyẹn.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kẹ́ ẹ ra pùrópẹ́là ńlá torí pé ó wù yín. Bí ìrísí àti ìyípo bá dọ́gba, agbára tí pùrópẹ́là mìlímítà 40 ń gbà ju ìlọ́po mẹ́rin ti mìlímítà 30 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kékeré.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sómi

- Nígbà tí pùrópẹ́là bá ń ti ọkọ̀ síwájú, òun náà ń ti ṣáàfù wọnú. Ẹ fi nọ́ọ̀tì àti wáṣà síwájú pùrópẹ́là kí túùbù lè gba ìtì yẹn dípò ẹ́ńjìnì. Ẹ fi àyè tí bébà kan lè wọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.
- Ẹ fi fíúùsì sáàárín bátìrì àti ẹ́ńjìnì. Bí koríko bá wé mọ́ pùrópẹ́là, fíúùsì ni kó jó, kí ẹ́ńjìnì àti bátìrì má jó.
- Ẹ kun túùbù pẹ̀lú gírísì tí omi kì í fọ̀ dànù.
- Ẹ gbé ọkọ̀ sínú báàfù fún wákàtí kan láì tan án. Ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ wá tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ di ọkọ̀ mú, kẹ́ ẹ tún wò ó. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò burú, àmọ́ tí ọwọ́ yín ò bá lè dúró lára rẹ̀, nǹkan ṣì kù.

Ọkọ̀ àbúrò mi padà sómi. Kò sí ìpàtẹ lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí tíṣà, èmi àti ẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀. Ó sáré títí bátìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé e jáde, ó ṣí ìdérí, ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ó fi nu ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó wá na ìka náà sí mi lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Ó gbẹ."